Ọ̀sẹ̀ Òkè: Àkọsílẹ̀ Ìgbáradì fún Ìdíje Triathlon ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó

Ọjọ́ Ẹtì

Ìdíje tí mo ń múra sílẹ̀ fún kò sí ní Nàìjíríà. Triathlon ni, ìdíje tó pa ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀; Embrunman ni wọ́n ń pè é, Embrun sì ni ìlú kékeré tí wọ́n ti ń ṣe é láàárín àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1984, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8 nínú adágún, yóò gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà tó lé ní 180, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ẹsẹ̀ sá kìlómítà 42.2, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ìwọ̀n yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ironman tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii ní 1978, nígbà tí ènìyàn 15 bọ́ sí omi tí 12 nínú wọn sì parí. Òkè ló mú ti Embrun le ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé adágún tí a óò ti jáde kò ga ju nǹkan bí 780 mítà lọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gba orí Col d'Izoard kọjá, tí ó ga tó 2,360 mítà.

Èkó ni mò ń gbé, òkè tó ga jù ní ọ̀nà tí mo máa ń gùn níbẹ̀ sì ni afárá. Ìdí nìyí tí mo fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà yìí, tí mo tú kẹ̀kẹ́ mi palẹ̀, tí mo fi aṣọ àtijọ́ wé férémù rẹ̀, tí mo sì gbé e wọ ọkọ̀ èrò wá sí Àkúrẹ́, níbi tí àbúrò ìyá mi ń gbé lápá Ọba-Ilé. Awakọ̀ gba owó èrò kan gbáko lórí kẹ̀kẹ́ náà, n kò sì bá a jiyàn, nítorí ó fara balẹ̀ dè é mọ́ ibi tí ẹrù ẹlòmíràn kò lè gun orí rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó to kẹ̀kẹ́ náà padà tán. Àǹtí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, ó sì béèrè bóyá ìjọba ló rán mi níṣẹ́ yìí tàbí èmi fúnra mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní kété tí ilẹ̀ mọ́ ni mo ti wà lójú ọ̀nà Ìdànrè. Ọmọ àǹtí mi ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi díẹ̀díẹ̀, ó tan iná ọkọ̀ tó ń ṣẹ́jú sílẹ̀. N kò jẹ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde kúrò ní ìgboro Àkúrẹ́ láìsí ọkọ̀ lẹ́yìn mi, nítorí àwọn awakọ̀ tíípà kì í retí pé kẹ̀kẹ́ lè wà níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ààbò lójú pópó sì ti kọjá ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Kò sí òkè gígùn kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yìí. Ńṣe ni ọ̀nà náà ń gòkè tó ń sọ̀, tó ń gòkè tó tún ń sọ̀, láàárín oko kòkó àti igbó, títí tí àwọn àpáta Ìdànrè fi yọ sókè lójijì nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn fún ẹni tó ń múra ìdíje ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Bí ènìyàn bá rí òkè ńlá tí kò lópin níwájú, ẹ̀rù á bà á, á sì rọra. Bí ó bá rí òkè kékeré tí ó lè fi ìṣẹ́jú méjì gùn tán, á dìde lórí gàárì, á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á sì dùn nígbà tó bá dé orí rẹ̀. Òkè kékeré ogún tí a bá gùn báyìí ti jẹ agbára tí ó yẹ kí a fi sá kìlómítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú eré ẹlẹ́sẹ̀ tán, láìjẹ́ pé ara sọ fún wa lásìkò. Ohun tí mo wá kọ́ ní Àkúrẹ́ ni bí a ṣe ń kọ̀ láti fi gbogbo agbára gun òkè, òkè kúkúrú sì ló ń kọ́ni ní èyí jù, nítorí òun ló ń dán ènìyàn wò jù.

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí aago ọwọ́ mi bá ti ka ìlù ọkàn tó 145 láàárín ìṣẹ́jú kan, ńṣe ni n óò dẹwọ́, kódà bí ẹlẹ́sẹ̀ bá fẹ́ kọjá mi. Ẹlẹ́sẹ̀ kò kọjá mi, àmọ́ àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n wà lórí ọ̀kadà rọra rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ó ṣòro púpọ̀ láti má ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíà tún wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí wọn. Kẹ̀kẹ́ mi ní eyín 39 níwájú ní apá kékeré, ó sì ní 25 lẹ́yìn ní apá tó tóbi jù, èyí tó tó fún ọ̀nà Èkó dáadáa. Lórí òkè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ bá yí po, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sún tó mítà mẹ́ta ó lé. Bí òkè bá sì le débi pé n kò lè sáré ju kìlómítà mẹ́jọ ààbọ̀ láàárín wákàtí kan lọ, ẹsẹ̀ mi kò ní yí po ju nǹkan bí ìgbà 43 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orúnkún ni ó ń san gbèsè irú ìyípo tó lọ́ra bẹ́ẹ̀. Lórí òkè tó kẹ́yìn kí a tó wọ Aládé ni mo ti mọ èyí lára, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n wá ẹni tí yóò bá mi wo jíà náà kí n tó kúrò ní ìlú yìí.

Ọjọ́ Àìkú

Ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ni tòní. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìgboro gbà mí láyè láti lo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn kí àwọn àlejò tó jí. Ó gùn ní ogún mítà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ pé kìlómítà 3.8 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ títí tí yóò fi kan ògiri nígbà 190. Mo ṣe ìdajì rẹ̀. Ìyípadà lára ògiri ń fún ara ní ìsinmi díẹ̀ tí kò sí nínú adágún gidi, nítorí náà ni mo ṣe ń yí kí n tó dé ògiri, láìfi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn án.

Ọmọ àǹtí mi dábàá pé kí a lọ sí odò, níbi tí àyè gbà. N kò gbà. Odò tí kò sáré púpọ̀ ní apá ibí yìí lè ní ìgbín kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí mo nílò láti inú omi gbalasa kò ju pé kí n mọ bí a ṣe ń wo ọ̀nà láìdá lílúwẹ̀ẹ́ dúró, èyí sì ṣeé kọ́ nínú adágún hòtẹ́ẹ̀lì: ní ìgbà mẹ́jọ mẹ́jọ tí mo bá na apá, mo ń yọ ojú nìkan sókè omi bí ọ̀nì, mo ń wo ìkòkò òdòdó kan tí mo fi ṣe àmì, lẹ́yìn náà ni mo ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí. Bí gbogbo orí bá jáde, ìdí á rì, ìdí tó bá sì rì ń fa gbogbo ara sẹ́yìn.

Aṣọ rọ́bà tí a óò wọ̀ nínú adágún tútù lọ́hùn-ún wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n kò ṣeé wọ̀ nínú omi Àkúrẹ́ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí ooru má baà mú ènìyàn. Mo wọ̀ ọ́ ní ìgbẹ̀yìn, kí èjìká lè mọ bí ó ṣe ń fún un, mo sì bọ́ ọ kíá.

Ọjọ́ Ajé

Òjò ti ń rọ̀ láti òru. Mo dúró títí ó fi di wínníwínní, a sì gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí apá Ìgbàrà-Òkè. Kì í ṣe gígun òkè ni mo lọ kọ́ lónìí, sísọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi ìsinmi ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní Embrun, ẹni tó bá ti gun Izoard tán yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Briançon ní ọ̀nà tó ń lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, afẹ́fẹ́ òkè náà sì tutù débi pé ọwọ́ lè kú tìpìrì lórí bíréékì. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń sọ̀ yóò máa fún bíréékì ní gbogbo ọ̀nà, apá àti ọrùn rẹ̀ yóò sì rẹ̀ kí ó tó dé ilẹ̀ títẹ́jú.

Bíréékì kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ irú èyí tó ń di irin etí àgbá tó gbé táyà dúró mú. Bí òjò bá ti rẹ irin náà, kì í mú ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Àgbá náà gbọ́dọ̀ yí po díẹ̀ kí rọ́bà bíréékì nu omi kúrò ná. Nítorí náà, mò ń fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, mo parí dídín eré kù nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, mo sì fi ẹsẹ̀ tó wà ní ìta tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń yí. Ojú ni iṣẹ́ tó kù: ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ kòtò yóò bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kòtò ò ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yìí, mo sì lè sọ pé ẹ̀kọ́ náà wọlé dáadáa.

A tún òkè kan náà gùn, a tún un sọ̀, títí tí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà fi dìde láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi bóyá nǹkan kan sọnù tí à ń wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìsinmi. Àǹtí mi gúnyán, ó sì se ẹ̀gúsí. Mo jẹun, mo sùn, mo tún jẹun.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe ni pé mo po omi tí n óò máa mu lórí kẹ̀kẹ́. Gbogbo abiyamọ ló mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru: ṣíbí ìmutí ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi kan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe wí. Ìyẹn dára fún omi ara, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 25 lọ, nígbà tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá dámọ̀ràn gíráàmù 60 sí 90 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mo sọ ṣúgà náà di ṣíbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún un. Àwọn kan ń ra èyí tí wọ́n ti pò sínú ọ̀rá kéékèèké ní owó gọbọi. N kò rí ohun tí èyí tí wọ́n ń rà fi dára ju tèmi lọ, yàtọ̀ sí pé ó rọrùn láti gbé sínú àpò.

Ọjọ́rú

Òkè Ìdànrè ni mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti dé. Òkè yìí wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007, nínú ìwé àwọn tó ń retí àti di ohun ìní àgbáyé, nítorí pé ìlú àtijọ́ odindi kan ṣì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú tuntun. Àtẹ̀gùn 660 ló dé ibẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà.

Mo san owó ìwọlé, mo sì gùn ún ní ìrìn, kì í ṣe ní eré. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tó ń múra ìdíje ń rìn, ṣùgbọ́n eré sísá Embrun náà kò tẹ́jú. Ó ní ibi tó gba inú ìlú gòkè, ẹni tó bá sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́ láti òwúrọ̀ yóò rin apá kan níbẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Ó dára kí ó mọ ìrìn náà rìn: kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, kí ó fi ọwọ́ ti itan, kí ó sì máa mí bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Bí mo ṣe ń lọ ni mo ń ṣírò. Bí a bá fi àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 18, gbogbo 660 kò ju nǹkan bí 119 mítà lọ ní òró. Láti adágún Embrun dé orí Izoard jẹ́ nǹkan bí 1,580 mítà, tí a kò bá tilẹ̀ ka àwọn ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ tó sì tún gòkè. Ìyẹn lé ní ìlọ́po mẹ́tàlá gbogbo àtẹ̀gùn yìí. Mo dúró ní ibi ìsinmi kẹta nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó síbẹ̀ kí mi pé mo kú iṣẹ́, ó béèrè ibi tí mo ti wá àti ohun tí mo ń kọ sínú fóònù. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní nígbà tí ìyá òun wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé omi àti igi gba ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ. Mo ní, "Òótọ́ ni, bàbá." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ohun kan wà tí òkè yìí kò lè kọ́ mi, àní bí mo bá ń gùn ún títí di oṣù Kẹjọ. Ní orí Izoard, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun lọ, nítorí náà ọ́ṣíjìn tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ní èémí kọ̀ọ̀kan dín kù. Èkó wà ní etí òkun, Àkúrẹ́ kò ga ju nǹkan bí 350 mítà lọ, àwọn téńté Ìdànrè pàápàá kò sì jìnnà sí 900. Kò sí ìgbáradì kankan fún ìyẹn ní gbogbo agbègbè yìí. Ohun tó kù ni pé kí ènìyàn mọ̀ pé agbára òun yóò dín kù lókè lọ́hùn-ún, kí ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀ kí ó tó débẹ̀, kí ó má baà máa lé nọ́ńbà tó ń rí ní ilé.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló le jù. Nígbà tí a bá ń sọ̀, ńṣe ni iṣan itan ń nà nígbà tó ń di ara mú kí a má ṣubú, irú iṣẹ́ yìí ló sì ń ya iṣan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ jù lọ. Òjò àná ti mú kí ewéko yọ̀ lórí àpáta. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, mo rọra sọ̀, mo tún un gùn, mo tún un sọ̀.

Ọjọ́bọ̀

Itan mi ń ro mí débi pé ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀ kúrò ní àtẹ̀gùn ilé àǹtí mi. Ìrora yìí kò burú: iṣan tó bá ti jẹ irú ìyà yìí lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà kejì, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì padà wá sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀nà Oǹdó, lílọ àti bíbọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrìn gígùn yìí sí ẹ̀yìn òkè Ìdànrè, kí n lè gùn ún pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. A kọjá Ọ̀wẹnà nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, a kọjá Bọ́lọ́runduró, a sì wọ ìlú Oǹdó kí oòrùn tó mú. Mò ń mu omi ṣúgà mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yálà òùngbẹ ń gbẹ mí tàbí kò gbẹ mí, nítorí ikùn gan-an nílò ìgbáradì. Ikùn tí a kò bá kọ́ láti gba ṣúgà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yóò dà á padà ní ọjọ́ ìdíje. Ó gbà á lónìí, àfi pé ọsàn náà kan díẹ̀ nígbà tó ti gbóná nínú ìgò.

Nínú bíbọ̀, lórí àwọn òkè kúkúrú náà, n kò dìde lórí gàárì. Ìlù ọkàn kò kọjá 145. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé kòkó ń mí gùdùgùdù níwájú mi lórí òkè kan, ó sì wù mí kí n kọjá rẹ̀. Mo jẹ́ kí ó máa lọ. Àwọn tó mọ ọ̀nà Embrun máa ń sọ pé lẹ́yìn Izoard, òkè Pallon ṣì wà, Chalvet sì tún wà nítòsí ìparí, nígbà tí ènìyàn ti ń wo ìlú tó sì rò pé kẹ̀kẹ́ ti parí. Àwọn òkè kékeré wọ̀nyẹn ni mo ń rò nígbà tí a ń sún mọ́ Àkúrẹ́.

Mo dé ilé, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo pààrọ̀ bàtà, mo sì bọ́ sójú ọ̀nà Ọba-Ilé láti sáré fún wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣàjèjì bó ṣe máa ń ṣe, tí ẹsẹ̀ ń rò pé pẹ́dàlì ṣì wà lábẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ni ó tò. Kìlómítà tó kẹ́yìn ni mo fi sáré jù, láìfi ipá ṣe é, ohun tí n kò rí ṣe rí ní Èkó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gígùn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí mo sì máa ń fi gbogbo agbára lé nọ́ńbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ní ìgboro bá mi tú ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wò. Kò ní jíà tí mo ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ṣéènì náà wò, ó ní ó ti nà, ó sì fi irin kékeré kan wọ̀n ọ́n hàn mí. A jọ ṣírò rẹ̀. Bí mo bá fi eyín 34 síwájú tí mo sì fi 34 sẹ́yìn, táyà yóò yí po lẹ́ẹ̀kan péré fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ bá yí po, nǹkan bí mítà méjì ó lé díẹ̀. Ní kìlómítà mẹ́jọ ààbọ̀ láàárín wákàtí, ẹsẹ̀ yóò máa yí ní nǹkan bí ìgbà 67 ní ìṣẹ́jú kan, dípò 43. Ó kìlọ̀ fún mi pé apá tó ń gbé ṣéènì láti eyín dé eyín lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọlọ́wọ́ gígùn, nítorí èyí tí mo ní kò lè gun orí eyín 34, àti pé kí n ra ṣéènì tuntun pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ṣéènì tó ti nà yóò jẹ eyín tuntun run láàárín oṣù díẹ̀.

Mo kọ orúkọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti rà ní Èkó ní ọjọ́ Ajé, kí ó lè ku ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó láti fi gùn ún kí n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Oníṣẹ́ náà gba owó àyẹ̀wò nìkan. Ó tún bá mi tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ fún ìrìn-àjò, ó sì fi páálí tẹ́ ibi tí eyín ti lè gún ẹrù ẹlòmíràn nínú ọkọ̀.